Ọmú mi ń yún mi tòru-tòru, oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 26. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oyún mi àkọ́kọ́ nìyí, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 26. Ohun tó ń dà mí láàmú kì í ṣe inú, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ọmú ni. Ó ń yún mi débi pé oorun ti di nǹkan tí mò ń wá. Tó bá ti di nǹkan bí aago méjì òru, màá jí, màá bá ọwọ́ mi nínú aṣọ níbi tí mo ti ń họ ọ́ lójú oorun. Láàárọ̀ àná, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ìsùn mi lápá òsì, níbi tí èékánná ti dá mi lọ́gbẹ́. Orí ọmú gan-an kò ṣe é fọwọ́ kàn, bí omi bá kàn án, á máa ta mí bí ata. Awọ tó yí i ká ti dú sí i, àwọn kókó wẹ́wẹ́ sì yọ síbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan sú sí i. Kò sí ohun tó sú síbòmíràn lára mi.

Ọṣẹ apakòkòrò ni mo fi ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mo sì máa ń da apakòkòrò olómi díẹ̀ sínú omi ìwẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fi kàn-ìn-kàn-ìn bó orí ọmú dáadáa, pé á jẹ́ kó le kí ọmọ tó dé. Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀, kàkà kó sàn, ṣe ló ń le sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n ra ìpara aláwẹ́ mẹ́ta ní kẹ́míìsì. Mo ti rà á, n kò tíì fi kan ara. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣe rí? Ẹ̀rù ń bà mí.


Ìyá Ìbejì (Iléṣà)

Àdùkẹ́ mi, pẹ̀lẹ́. O kú ìkúnra o. Má fi ìpara yẹn kan ara, jọ̀wọ́. Jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Èmi náà rí i nígbà oyún àwọn ìbejì mi. Kọ́mú ni tèmi. Ọmú mi ti kúrò ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, èmi ṣì ń fi tipátipá há a mọ́ inú ti àtijọ́, oníléèsì, tí wáyà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá bọ́ ọ lálẹ́, ipa rẹ̀ á hàn lára mi bí ipa okùn lọ́rùn ewúrẹ́, ibi ipa yẹn gan-an ló sì ń yún jù. Mo kó gbogbo wọn tì. Mo ra méjì tí wọ́n fi aṣọ òwú rán, tí kò ní wáyà, tó fi nọ́ńbà méjì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá dalẹ́, ìró àǹkárá kan tó ti gbó, tó ti rọ̀, ni mo máa ń ró sùn, láìsí kọ́mú rárá. Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, mo ti ń sùn mọ́jú.

Mo fọ àwọn kọ́mú tuntun yẹn kí n tó wọ̀ wọ́n, mo sì ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú omi tó mọ́. Ọṣẹ ìfọṣọ tó bá kù lára aṣọ, òógùn ló ń jí i.


Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Ṣàgámù)

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọdún 19 ni mo ti ń gbẹ̀bí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí oṣù kan kọjá kí aláboyún kan má bi mí ní ìbéèrè yìí. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn bóyá ọkùnrin wà nítòsí, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ má tijú rẹ̀ rárá.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni họ́mòònù oyún ti ń múra ọmú sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ á pọ̀ sí i, ibi tí wàrà yóò ti máa wá á máa gbilẹ̀, awọ tó bò ó á sì ní láti fẹ̀ bá a. Awọ tó bá ń fẹ̀ kíákíá báyìí máa ń gbẹ, tó bá sì ti gbẹ, á yún. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí ẹ rí yẹn kì í ṣe ara sísú. Wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, oyún ló jẹ́ kí wọ́n yọ síta. Òróró ni wọ́n ń sun díẹ̀díẹ̀ láti fi ra orí ọmú, kó má baà gbẹ, kó má baà sán. Ẹ wá wò ó: Ọlọ́run ń fi òróró pa á, ẹ̀yin ń fi ọṣẹ apakòkòrò fọ̀ ọ́ dànù láàárọ̀ àti lálẹ́.

Láti òní lọ, omi lásán ni kó máa kan orí ọmú. Ẹ gbé apakòkòrò olómi yẹn kúrò nínú balùwẹ̀. Ọṣẹ dúdú náà, eérú ló wà nínú rẹ̀, ó máa ń gbẹ ara, ẹ jẹ́ kó dúró síbi ẹsẹ̀ àti abíyá. Kí omi ìwẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́, kó má gbóná, kí ẹ má sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú 10 lọ nínú rẹ̀. Aṣọ ìnura, ẹ fi máa tẹ ara ni, ẹ má fi nù ún gbaragbara. Kí ara tó gbẹ tán, ẹ fi òrí tàbí fásilíìnì tí kò ní òórùn pa á. Omi díẹ̀ tó kù lára ni òróró yẹn máa há mọ́bẹ̀. Tí ẹ bá dúró kí ara gbẹ tán kẹ́ ẹ tó pa á, orí ìyàngbẹ lẹ̀ ń pa á sí. Wọ́n ń sọ pé òrí kì í jẹ́ kí awọ là sí ilà. N kò ní purọ́ fún yín, kò sí òróró tó ń dá ìyẹn dúró. Yíyún ló máa bá yín dín kù.

Ọ̀rọ̀ kàn-ìn-kàn-ìn wá ńkọ́? Ẹ bá mi fi ọ̀wọ̀ sọ fún ìyá wa pé a ti fi ìyẹn sílẹ̀. Orí ọmú kì í tipa bíbó le, ọgbẹ́ ló ń dá sí i. Bí ọmọ bá dé, bó ṣe gbá ọmú mú ló ṣe pàtàkì: kí ẹnu rẹ̀ kó awọ dúdú yẹn wọlé, kó má jẹ́ orí ọmú nìkan. Bẹ́ẹ̀ sì ni, fífọwọ́ ra orí ọmú ṣáá nígbà tí oyún ti dàgbà lè mú kí inú máa le.

Ìpara aláwẹ́ mẹ́ta ní sitẹ́rọ́ọ̀dù tó lágbára nínú, pẹ̀lú oògùn tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì àti èyí tó ń pa bakitéríà. Ó máa ń dá yíyún dúró lọ́jọ́ méjì, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, awọ ibẹ̀ yẹn kò sì nípọn tẹ́lẹ̀. Tí dókítà bá rí i pé ẹ nílò sitẹ́rọ́ọ̀dù, ó ní èyí tó rọrùn tó lè kọ fún yín, fún ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún yín? Ṣé ìtọ̀ yín ti dúdú? Ṣé ọmú méjèèjì ni, àbí ẹyọ kan? Ṣé ẹlòmíràn ń họra nínú ilé?


Ìyá Olórìí (Ṣakí)

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ta òrí, ìyá rẹ̀ náà ta á, èmi náà ṣì ń tà á dòní. Igi ẹ̀mí pọ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. N ó sọ bí o ó ṣe mọ òrí gidi, nítorí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbé kiri nígboro ni wọ́n ti lú. Bù ú bí ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan sí àtẹ́lẹwọ́, pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ka ọgbọ̀n. Òrí gidi á ti yọ́ di epo, àtàǹpàkò rẹ kò ní bá iyanrìn tàbí èérún kankan níbẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ a máa funfun bí eyín, tàbí kó pọ́n díẹ̀. Èyí tó bá pọ́n bí inú ẹyin, bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tó fi sí i. Bó bá sì ń kan, ó ti pẹ́, má rà á.

Epo tó yọ́ lọ́wọ́ yẹn ni kó o fi pa ọmú, láti ìsàlẹ̀ wá sókè, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pa ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lára. Àwa a máa lọ kánfọ̀ ẹyọ kan sí i kó lè tutù sára.


Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Ṣàgámù)

Ìyá mi, ẹ ṣeun mà. Ẹ kọ́ èmi náà lẹ́kọ̀ọ́ lónìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìkúnlẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan: ẹ má jẹ́ kí kánfọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Róbótó funfun tí à ń rà lọ́jà yẹn, májèlé ni, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wà nílẹ̀ wa, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn. G6PD ni à ń pè é nílé ìwòsàn. Bí kánfọ̀ bá kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kódà kó jẹ́ èyí tó kù lára aṣọ tí wọ́n kó pamọ́ sínú àpótí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí ibà pọ́njú gbé e, kó sì ba ọpọlọ jẹ́. Mo ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, n kò lè gbàgbé ojú ìyá rẹ̀. Àdùkẹ́, aṣọ ọmọ tàbí kọ́mú tí kánfọ̀ bá ti wà lára rẹ̀, ẹ má gbà á.


Ìyá Olórìí (Ṣakí)

Mo gbọ́, ọmọ mi. A kò mọ̀ ni. Kò ní wọ̀ ọ́ mọ́ láyé.


Bàbá Ọmọ Mẹ́ta (Ọ̀yọ́)

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàyè gbà mí. Ìyàwó mi ló ní kí n kọ ọ́ nítorí ìbéèrè kẹrin tí Nọ́ọ̀sì béèrè. Nígbà oyún wa kẹta, gbogbo èèyàn ní oyún ló ń yún un lọ́mú. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi náà ti ń họ àárín ìka, ọmọ wa kejì ń họ ọrùn ọwọ́. Kúrúnà ni. Kòkòrò tíńtín kan ló ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ, ó sì fẹ́ràn àyíká orí ọmú obìnrin. Òru ló ń yún jù. Dókítà kọ ìpara permethrin fún wa, ìdá 5 nínú 100, ó ní kò léwu fún aláboyún. Gbogbo ilé la pa á lọ́jọ́ kan náà, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, a jẹ́ kó wà lára wa mọ́jú, a sì tún un pa lẹ́yìn ọjọ́ 7. A fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ ibùsùn. Ó ṣì yún wa díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ìyẹn ló tó lọ tán.


Àdùkẹ́ (Ìbàdàn)

Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín. Nọ́ọ̀sì mi, àtẹ́lẹwọ́ kò yún mi, àtẹ́lẹsẹ̀ kò yún mi. Ìtọ̀ mi mọ́. Ọmú méjèèjì ni. Ọkọ mi kò họra. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò sọ nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ yìí ni mo mú dígí kékeré, mo gbé ọmú sókè, mo wo abẹ́ rẹ̀. N kò wo ibẹ̀ rí látìgbà tí mo ti lóyún. Ó ti bó, ó ń tutù, ó pọ́n bí ojú egbò, ó sì ní òórùn bí ti búrẹ́dì tó ti ń kan.


Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́ (Agége)

Àbúrò mi, ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀! Oṣù kẹta ọdún ni, ooru mú, iná kò sí fún ọjọ́ mẹ́fà. Ọmú ti tóbi, ó ti sùn lé ara, òógùn kò rí ibi gbà jáde. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Má da páúdà sí i o. Á pò mọ́ òógùn, á di bí ẹ̀kọ, á sì máa hó ọ lára. Má sì pa òrí ìyá wa síbẹ̀. Òkè tó gbẹ ló ń fẹ́ òrí, abẹ́ tó tutù ń fẹ́ kí o gbẹ ẹ́.

Èyí tí wọ́n fún mi ni clotrimazole lásán, ìdá 1 nínú 100. Ka ara páálí rẹ̀ dáadáa: orúkọ oògùn kan ṣoṣo ni kó wà níbẹ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo máa ń pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, n kò sì dá a dúró lọ́jọ́ tí kò yún mi mọ́, torí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá a dúró ló padà wá. Mo gé aṣọ òwú funfun kan tó ti rọ̀ sí wẹ́wẹ́, bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo ń tẹ́ ẹ sí abẹ́ ọmú níbi tí ara ti ń sùn lé ara. Bó bá ti rin, màá pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú yàrá, màá tú ìró, màá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara mi títí ibẹ̀ á fi gbẹ.


Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Ṣàgámù)

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́, ẹ káre. Ìpara clotrimazole dára fún aláboyún. Èyí tí wọ́n ń gbé mì fún fọ́ńgọ́ọ̀sì ni kí ẹnikẹ́ni má dá rà. Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ojú rí abẹ́ ọmú yẹn ní kílíníìkì ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà yín wò. Ṣúgà tó bá ga nígbà oyún máa ń jẹ́ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì gbilẹ̀, àárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 sì ni à ń ṣe àyẹ̀wò yẹn. Ẹ ti wà níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi béèrè bóyá ẹyọ kan ni: bó bá jẹ́ orí ọmú kan ṣoṣo ló ń yún, tó ń bó èépá, tó ń sun omi tàbí ẹ̀jẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá tí ìtọ́jú kò ràn án, tàbí tí awọ ọmú kan bá wú, tó rí bí èèpo ọsàn, kí dókítà rí i kíákíá. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ dúró títí ẹ ó fi bímọ. Àyẹ̀wò skáànù ọmú kì í pa ọmọ inú lára.


Ọmọ Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Ẹ jọ̀ọ́, awọ tó dú yẹn, ẹ má fi ìpara abóra lé e. Mákúrì wà nínú àwọn kan, NAFDAC sì ti fòfin dè é. Ó ń dé ara ọmọ inú. Tèmi padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí mo bímọ.


Ọmọ Ìjẹ̀bú (Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Mo ka ìbéèrè Nọ́ọ̀sì nípa àtẹ́lẹwọ́, ara mi bù máṣọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí pé èmi náà rò pé awọ lásán ni.

Ọ̀sẹ̀ 32 ni. Ìgbà òtútù ni níbí, hítà ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, mo ní òun ló ń gbẹ mí lára. Ọmú yún mi, ikùn yún mi, mo pa òrí, mo pa àdín àgbọn. Kò sí ohun kankan tó sú sí mi lára. Ó wá bọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Mo máa ń dìde lóru lọ dúró láìwọ bàtà lórí táìsì balùwẹ̀ nítorí pé ó tutù, títí ẹsẹ̀ mi méjèèjì á fi kú tipiri. Ìtọ̀ mi dà bí tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún agbẹ̀bí mi, ọjọ́ náà ló gba ẹ̀jẹ̀ mi. Òróòro tó yẹ kó máa ṣàn láti ẹ̀dọ̀ lọ sínú ìfun ló ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Iye òróòro inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wò kò yẹ kó tó 19 lára aláboyún, tèmi jẹ́ 46. Wọ́n ṣàlàyé pé bó bá fi lè tó 100, ewu kí ọmọ kú sínú á pọ̀ sí i, nítorí náà wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi léraléra. Wọ́n fi oògùn mú mi rọbí ní ọ̀sẹ̀ 38. Mo gbóhùn ọmọ, ọmọ gbóhùn mi. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, yíyún ti lọ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Òrí kò lè wo èyí. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń yún lóru láìsí nǹkan tó sú, kó má dúró de ọjọ́ kílíníìkì rẹ̀.


Ìyá Ìbejì (Iléṣà)

Àmín sí gbogbo àdúrà. Ti aago méjì òru ni mo gbàgbé, Àdùkẹ́. Gé èékánná rẹ mọ́lẹ̀ lálẹ́ òní. Gbé abọ́ omi tútù àti aṣọ fẹ́lẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí o bá jí, fún aṣọ yẹn, tẹ́ ẹ lé ọmú, mí kanlẹ̀, má họ ọ́. Bí aṣọ bá ti lọ́ wọ́ọ́wọ́, tún un rì.


Àdùkẹ́ (Ìbàdàn), lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ̀yin ìyá mi, mo ti dé. Wọ́n wo abẹ́ ọmú, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni lóòótọ́. Wọ́n yẹ ṣúgà mi wò, kò ga. Abẹ́ ọmú ti gbẹ, awọ tuntun ti bò ó, mo ṣì ń pa ìpara náà bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Òkè ṣì máa ń yún mi díẹ̀ bí oòrùn bá mú, ṣùgbọ́n mo ti ń sùn. Mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì sétí ìyá ọkọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní bí ìyá àwọn ṣe kọ́ àwọn nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn ló bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n pa ọwọ́ pọ̀, tí wọ́n ń ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n.

Ìbéèrè kan ló kù. Láàárọ̀ yìí mo rí ohun kan tó gbẹ sórí ọmú ọ̀tún, bí oyin tó dì, kọ́mú lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ 28 ṣì ni mo wà. Ṣé kò léwu?


Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Ṣàgámù)

Ẹ kú oríire. Oúnjẹ ọmọ ni, wàrà àkọ́kọ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, ẹlòmíràn kì í rí i títí dìgbà tó bá bí, méjèèjì ló dára. Ẹ má ṣí i, ẹ má fún un jáde. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ rin kọ́mú náà kó fi ara rẹ̀ tú kúrò, ẹ tẹ ibẹ̀ gbẹ, ẹ tẹ́ aṣọ òwú sí i.